Abẹ́rẹ́ Ìhunjọ Ojú: Ta Ló Yẹ Ká Gbé Ojú Wa Fún?

Ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ́ ojú tó hunjọ ni pé, ṣé kò léwu? Èyí tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, èló ni wọ́n ń gbà? Ìbéèrè gidi ni méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn ò tó láti dáàbò bo ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Èkó ni o, Àbújá ni o, Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ni o, ìpolówó rẹ̀ ti gba orí Instagram àti WhatsApp kan. Wọ́n á fi ojú kan hàn kó tó gba abẹ́rẹ́ àti lẹ́yìn tó gbà á tán, wọ́n á sì fi ẹ̀dínwó ọdún Kérésì tì í lẹ́yìn. Nígbà tí mo gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò tìṣọ́ratìṣọ́ra, ibi tí ọkàn mi balẹ̀ sí ni pé ohun tó ń kó èèyàn yọ níbẹ̀ ni kó lè tọ ipasẹ̀ ohun tó wọ ara rẹ̀. Ta ló gún un? Ìwé wo ló fún un láṣẹ? Ibo ni ìgò oògùn náà ti wá, ibo ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, ta sì ni òfin máa pè wá dáhùn bí nǹkan bá yíwọ́? Ẹni tó bá lè dáhùn gbogbo rẹ̀, tí kò sì bínú pé ẹ béèrè, ni ẹ lè gbé ojú yín fún. Bí ìdáhùn kan bá sọnù nínú wọn, ẹ kọjá síwájú, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ yín tìmọ́tìmọ́ ni.

Àwọn kan á sọ pé kí ló dé tí ọmọ Yorùbá ń bá ìhunjọ ojú jà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀wọ̀ là ń fún àgbà. Mo gbọ́ wọn, òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Dúdú tó wà lára wa máa ń gba oòrùn sílẹ̀ kó tó ba awọ jẹ́, ìdí nìyẹn tí ìhunjọ fi máa ń pẹ́ dé ojú wa ju ojú òyìnbó lọ, ọ̀pọ̀ tó ń ronú nípa abẹ́rẹ́ yìí ni kò sì nílò rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pinnu kì í torí pé wọ́n bẹnu àtẹ́ lu òun kó pa ìpinnu tì. Kọ̀rọ̀ ni yóò lọ, níbi tí ọkọ, ìyá àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kò ti ní mọ̀, kọ̀rọ̀ yẹn gan-an sì ni ayédèrú oògùn àti ọwọ́ tí kò mọṣẹ́ fi ṣe ibùgbé. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ràn àwọn obìnrin wa, àti àwọn ọkùnrin tó ti ń pọ̀ sí i láàárín wọn, ó sàn ká jókòó bá wọn sọ ibi tó yẹ kí wọ́n lọ ju ká fi ìtìjú lé wọn lọ síbi tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú ìgò náà. Oró kan tí kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Clostridium botulinum ń pèsè ni. Òun kan náà ló ń pa èèyàn nínú oúnjẹ inú agolo tí wọn ò sè dáadáa, ó sì wà lára àwọn oró tó lágbára jù lọ tí ọmọ aráyé mọ̀. Bí ìwọ̀n bíńtín rẹ̀ bá wọ inú iṣan, ó máa ń dí ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí iṣan náà, iṣan á sì dẹ̀. Alan Scott, dókítà ojú ní San Francisco, ló kọ́kọ́ lò ó fún àwọn tí ẹyinjú wọn méjèèjì kì í wo ibì kan náà, àjọ FDA tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún àìsàn ojú ní 1989. Ní Vancouver ní Kánádà, Jean Carruthers tó jẹ́ dókítà ojú kíyè sí i pé ìlà àárín ojú àwọn aláìsàn òun ń tẹ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ Alastair, dókítà awọ ara, tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1992, ó sì di 2002 kí FDA tó fọwọ́ sí Botox, ọ̀kan lára orúkọ tí wọ́n fi ń ta oró yìí, fún ìlà àárín ojú. Ìlà tí iṣan ń fà nígbà tí èèyàn bá fajú ro, tó bá gbé ojú sókè tàbí tó bá rẹ́rìn-ín ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú awọ tó ti sọ̀ tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti jo. Bíi ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ méjì ló ń gbà kó tó hàn tán, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló sì sábà máa ń lò lára. Ẹni tó bá ṣèlérí pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo yóò sọ ojú ẹni àádọ́ta ọdún di ti ọmọ ogún ọdún ti fi irú ẹni tó jẹ́ hàn yín.

Bí wọ́n bá gbé ìgò Botox tí wọn ò tíì ṣí lé yín lọ́wọ́, ẹ lè rò pé òfìfo ni. Kò sí omi kankan nínú rẹ̀, àfi nǹkan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí èèyàn ní láti gbé sókè sójú ìmọ́lẹ̀ kó tó rí i. Ẹni tó fẹ́ lò ó á fa omi iyọ̀ tó mọ́ tónítóní sínú síríǹjì, á sì ki abẹ́rẹ́ gba orí rọ́bà tó dé ìgò náà. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ìgò yẹn gbẹ láti ilé iṣẹ́, nítorí náà ìgò náà ló máa ń fa omi yẹn mu fúnra rẹ̀. Bí kò bá fà á, ìwé tó bá oògùn wá sọ pé kí wọ́n sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á rọra yí i, wọ́n á wá fà á sínú síríǹjì kékeré. Fún ìlà àárín ojú, 20 yúnìtì ni ìwé oògùn náà sọ, ní ojú ibi márùn-ún, 4 yúnìtì lójú ibì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí síríǹjì yẹn bá fi máa dé ìtòsí ojú yín, omi gaara ló wà nínú rẹ̀, kò láwọ̀, kò sì lóòórùn. Bóyá ojúlówó ni, bóyá ayédèrú ni, bóyá wọ́n ti bu omi lé e kó lè kárí èèyàn mẹ́wàá, bóyá ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì tí kò níná, ojú lásán kò lè sọ. Dókítà tó gbówọ́ jù lọ ní ayé kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé nìyí: níwọ̀n bí a kò ti lè rí ohun tó wà nínú síríǹjì, ipasẹ̀ rẹ̀ nìkan la lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ̀rí rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní November 2004, èèyàn mẹ́rin ní Florida gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n pè ní ti ìhunjọ ojú, gbogbo ara wọn sì rọ jọwọrọ. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí. Ohun tó wà nínú síríǹjì kì í ṣe Botox rárá: oró tí ilé iṣẹ́ kan ń ṣe fún ìwádìí ni, kì í ṣe fún ara èèyàn. Àwọn olùwádìí tó kọ nípa rẹ̀ ní 2006 ṣírò rẹ̀ pé oró tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta nínú wọn tó ìlọ́po 21 sí 43 ìwọ̀n tó lè pa èèyàn. Ẹni tó gún wọn wà lára àwọn mẹ́rin náà, ó gún ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2023, ó lé ní ọgọ́ta èèyàn ní Tọ́kì àti orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan ní Yúróòpù tí oró yìí mú lẹ́yìn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú ikùn ní Tọ́kì, nítorí kí wọ́n lè fọn. Ní 2024, àjọ CDC tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà kéde obìnrin 22 ní ìpínlẹ̀ 11 tí abẹ́rẹ́ ayédèrú tàbí èyí tí wọn ò tọ́jú dáadáa ṣe léṣe. 11 nínú wọn dèrò ọsibítù. Lára àwọn tó gún wọn, àwọn kan kò níwèé àṣẹ, àwọn kan kò kọ́ṣẹ́, inú ilé àti sípà ni wọ́n sì ti gún àwọn kan. Ní June àti July 2025, ìjọba kà tó èèyàn 38 ní England tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, oògùn tí wọn ò fún láṣẹ ni ìwádìí sì ń tọ́ka sí. Orílẹ̀-èdè yàtọ̀, ọdún yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó máa ń hàn lọ́pọ̀ ìgbà ni pé ipasẹ̀ náà ti já níbì kan: oògùn tí kò níbi tó ti wá, tàbí ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fún láṣẹ.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé dókítà ṣáà ni ẹni tó gún àwọn ará Florida yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí ó tó gún wọn, ẹni tó bá sì ti béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà níbẹ̀ ni wọn ì bá ti sọ fún. Orúkọ oyè dókítà lórí ògiri kò tó, ìwé àṣẹ ọdún yìí ni ká béèrè. Ní Nàìjíríà, ọdọọdún ni dókítà ń gba ìwé àṣẹ tuntun lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ MDCN, nọ́ọ̀sì náà ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ilé ìwòsàn ní ìpínlẹ̀ Èkó sì ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ HEFAMAA. Ẹ béèrè wọn. Ẹni tó níwèé á fi hàn yín tayọ̀tayọ̀, nítorí owó àti ọdún púpọ̀ ló ná an.

Àtakò tó wúwo jù ú lọ ni pé àwọn tó níwèé àṣẹ náà máa ń ṣàṣìṣe. N kò ní sẹ́ èyí. Nínú ìwádìí tí FDA gbé yẹ̀ wò kó tó fọwọ́ sí Botox fún ìlà àárín ojú, tó jẹ́ pé àwọn tó mọṣẹ́ ló gún un tí oògùn sì jẹ́ ojúlówó, nǹkan bí èèyàn mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni ìpéǹpéjú wọn wálẹ̀. Ara lè lé, orí lè fọ́ èèyàn, ojú kan lè ga ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wé ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí. Ìwé àṣẹ kò sọ pé ọwọ́ kò ní ṣì. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí àṣìṣe kéré, kí ẹni tó ṣe é mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, kó sì rí ibi tó máa ti dáhùn fún un. Ẹni tí kò níwèé, nígbà tí ojú bá bàjẹ́, á pa fóònù rẹ̀, á sì ṣí ojú ewé Instagram mìíràn pẹ̀lú orúkọ tuntun.

Ọ̀rọ̀ oògùn gan-an ló jẹ mí lógún jù nílé ní Nàìjíríà. Ilé wa mọ ìyà ayédèrú. Àbúrò Dora Akunyili kú ní 1988 nítorí insulin ayédèrú, ọdún 2001 ni Akunyili wá di olórí àjọ NAFDAC tó ń ṣàkóso oògùn, tó sì gbé ogun tí gbogbo wa mọ̀ ti ayédèrú oògùn. Insulin náà, omi gaara inú ìgò kékeré tó ń gbé inú fíríìjì ni. Ohun tí a kọ́ nígbà yẹn kò gbọdọ̀ kúrò lọ́kàn wa nítorí pé ẹwà ló dé báyìí. Ẹ béèrè nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára páálí oògùn, kí ẹ sì wò ó nínú Greenbook tí àjọ náà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n ṣí ìgò náà lójú yín, kí ẹ ka orúkọ, nọ́ńbà ìpele àti ọjọ́ tí yóò kú, kí ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná náà kò ṣeé fojú fò. Kí wọ́n tó ṣí i, inú òtútù 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius ni ìgò yìí ń gbé. Ní ìlú tí wọ́n lè mú iná lọ láàárọ̀ kí wọ́n má dá a padà títí di alẹ́, ìbéèrè tó yẹ ni pé, kí ló ń gbé fíríìjì yín nígbà tí kò bá síná? Dókítà tó ní ẹ̀rọ sólà tàbí jẹnẹrétọ̀, tí ohun tí wọ́n fi ń wọn òtútù sì wà nínú fíríìjì rẹ̀, á fi hàn yín. Ẹni tó gbé ìgò náà wá láti Dubai nínú àpò aṣọ, tó fi gba ẹnu ibodè kọjá, kò ní ohun tó máa fi hàn. N kò mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè gbé ojú fún un.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Britain máa ń rò pé ìjọba ibẹ̀ ti bá wọn yanjú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní England, ẹni tí kì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì lè gún abẹ́rẹ́ yìí láìrú òfin. Oògùn náà fúnra rẹ̀ ni òfin fi sábẹ́ ìwé ẹni tó láṣẹ láti kọ oògùn, tí kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ohun ìpolówó fún ará ìlú. Ní 2013, ìwádìí tí Bruce Keogh ṣe fún ìjọba sọ pé ẹni tó gba ìtọ́jú ẹwà tí kì í ṣe iṣẹ́ abẹ kò ní ààbò tó ju ti ẹni tó ra bírò lọ. Láti October 2021, ẹṣẹ̀ ni láti gún irú abẹ́rẹ́ wọ̀nyí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 nítorí ẹwà, òfin ọdún 2022 sì fún ìjọba lágbára láti gbé ètò ìwé àṣẹ kalẹ̀. Láti June 2025, nọ́ọ̀sì tó bá ń kọ oògùn yìí fún èèyàn nítorí ẹwà gbọ́dọ̀ rí onítọ̀hún lójúkojú. Nítorí náà, obìnrin Yorùbá ní Peckham tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó wá sí pálọ̀ òun lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n lè gún un kí òwàḿbẹ̀ tó dé, ní ìbéèrè kan tó gbọ́dọ̀ béèrè: ta ló kọ oògùn yìí fún mi, ìgbà wo ló sì rí ojú mi? Bí kò bá sí ẹni náà, ọ̀ràn ti parí.

Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ sí gbogbo èyí ni pé àwọn kan wà tí kò níwèé tí ọwọ́ wọn dán ju ti dókítà tó lọ kọ́ ọ fún ọjọ́ méjì. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé àṣẹ nìkan kò tó, mo gbà: ẹ béèrè iye ọdún tó ti ń ṣe é, ibi tó ti kọ́ ọ, àti iye àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiyín tó ti gún. Àmọ́ ọwọ́ tó dán kò lè sọ ayédèrú di ojúlówó, ẹni tí òfin kò sì mọ̀ kò lè dá oògùn rà lọ́wọ́ ẹni tí òfin mọ̀. Fọ́tò ẹni tó lẹ́wà kò jẹ́rìí oògùn, ẹ̀rí ọ̀rẹ́ tó gbà á ní oṣù tó kọjá kò sì jẹ́rìí ìgò tí wọ́n máa ṣí fún yín lónìí. Ní ti owó, ẹ ronú sí i. Ìwé Botox sọ pé ìgò kan, aláìsàn kan, kí wọ́n lò ó láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bá ti pò ó. Bí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ yín lówó tí kò tó ohun tí ìgò ojúlówó ń ná, ẹlòmíì ni yóò san ìyókù, ẹni náà sì lè jẹ́ ìpéǹpéjú yín. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó, kó dúró. Ìhunjọ ojú kì í pa èèyàn.

Ibi tí ẹ ti máa dá ẹni rere mọ̀ jù ni ìjókòó àkọ́kọ́, kí abẹ́rẹ́ tó jáde rárá. Yóò ní kí ẹ fajú ro, kí ẹ gbé ojú sókè, kí ẹ rẹ́rìn-ín, yóò sì máa wò bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣe ń ṣe. Yóò béèrè bóyá ẹ lóyún tàbí ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, bóyá ẹ ní àìsàn tí ń mú iṣan rọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní myasthenia gravis, bóyá ẹ ń lo oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, bóyá wọ́n ń gún yín ní gentamicin lọ́wọ́, nítorí ó lè mú oró náà lágbára sí i. Mo fẹ́ kí ẹ fi kún un pẹ̀lú ẹnu ara yín bí ẹ bá ń lo ìpara tí ń bóra. Púpọ̀ nínú wọn ní oògùn tí ń mú awọ fẹ́lẹ́, irú awọ bẹ́ẹ̀ sì máa ń tètè lẹ́jẹ̀. Yóò sọ irú oògùn tó fẹ́ lò àti iye yúnìtì rẹ̀, nítorí yúnìtì Botox àti ti Dysport, irú mìíràn nínú oògùn yìí, kì í ṣe ọ̀kan náà: 20 ti Botox fún àárín ojú, 50 ni ti Dysport. Ẹni tó pè wọ́n ní ọ̀kan náà kò mọ ohun tó ń gún. Yóò kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, yóò sì fún yín ní ẹ̀dà. Ó sì ṣeé ṣe kó sọ fún yín pé ojú yín kò nílò rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Èmi á fọkàn tán ẹni bẹ́ẹ̀ ju ẹni tí pálọ̀ rẹ̀ ń dán lọ.

Kí ẹ má dá nìkan lọ o, kí ẹnì kan nílé mọ ibi tí ẹ wà àti orúkọ oògùn náà. Bí ìpéǹpéjú yín bá wálẹ̀ díẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó gún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń rí nǹkan ní méjì-méjì, bí ohùn yín bá ń wúwo, bí itọ́ kò bá rọrùn láti gbé mì, tàbí bí èémí bá ń há, yálà lọ́jọ́ kan náà ni tàbí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ẹni tó gún yín kó tó gbé fóònù. Ọsibítù ńlá ni kí ẹ lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ gbabẹ́rẹ́ náà, kí ẹ sì fi fọ́tò ìgò yẹn hàn wọ́n, nítorí oògùn tó ń pa oró náà kì í dá ohun tó ti rọ padà, ó kàn ń dá a dúró ni kó má bàa tàn dé ibòmíì.